Wajawaja kọ́: kí la ó pe léèsì etí aṣọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ èdè. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe léèsì tẹ́ẹ́rẹ́ àfọwọ́hun tí wọ́n ń rán mọ́ etí aṣọ ní "wajawaja". Ẹlòmíì ní "ìṣẹ́tí" ló yẹ ẹ́. N ò fara mọ́ ìkankan.

Wajawaja inú Númérì 15:38, òwú tó ń fì ni. Ìṣẹ́tí ní tirẹ̀, aṣọ fúnra rẹ̀ la ṣẹ́ létí, tí a sì rán. Èyí tí à ń sọ yìí kì í ṣe ara aṣọ rárá; ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti hun ún kí wọ́n tó gbé e wá. Àránmétí ni mo dábàá, ohun tí a rán mọ́ etí.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Idrija ní Sloféníà, níbi tí wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ léèsì sílẹ̀ ní 1876. Wọ́n á tẹ́ páálí tí wọ́n ya ọnà sí lórí ìrọ̀rí líle, wọ́n á fi píìnì gún un. Òwú á wà lára igi kéékèèké, ní méjì-méjì; wọ́n á máa gbé e kọjá lórí ara wọn, wọ́n á máa lọ́ ọ. (Ẹ má pe igi yẹn ní bọ́bìn o, irin abẹ́ máṣíìnì ni télọ̀ máa rò. Ìkówùú tó.) Etí kan á gún régé, ibẹ̀ ni wọ́n máa rán mọ́ aṣọ. Ìkejì á ṣe kọ́lọkọ̀lọ. Gẹ̀ẹ́sì pe èyí tó gún ní ẹsẹ̀, ó pe ìkejì ní orí. Bí a bá túmọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, tí a wá rán an mọ́ ìsàlẹ̀ yẹ̀rì, ẹsẹ̀ á wà lókè, orí á máa wo ilẹ̀! Ojú ìrán àti ojú ọnà ni tèmi.

Ti òwú ló le jù. Ẹnì kan kọ òwú nọ́ḿbà 80 ní "òwú ńlá", ó pe nọ́ḿbà 20 ní "òwú kékeré". Òdìkejì ni. Nínú ìṣirò òwú àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ìdì kan jẹ́ yáàdì 840. Iye ìdì tó bá wà nínú pọ́n-ùn kan ni nọ́ḿbà òwú náà. Bí ìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni òwú ń tín-ín-rín sí i. Ká sọ pé òwú tín-ín-rín àti òwú nínípọn, kó yé òǹkàwé. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: bí òwú bá tín-ín-rín ju ọnà orí páálí lọ, léèsì á rọ wọ̀ọ̀, bí àwọ̀n tó gbó. Bó bá nípọn jù, ihò á dí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wé òwú mọ́ rúlà, tí wọ́n á ka ìyí rẹ̀ nínú sẹ̀ǹtímítà kan, kí wọ́n tó lò ó. Ní ti òwú tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní linen, "ọ̀gbọ̀" ti wà nínú Bíbélì, ẹ jẹ́ ká mú un lò: òwú ọ̀gbọ̀.

Ẹni tó ní ká pa "léèsì" tì, torí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ láti Lustenau ní Ọ́stríà ni púpọ̀ nínú léèsì òde àríyá wa, ẹ jọ̀ọ́, "àfọwọ́hun" ti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Òrùka òwú wínníwínní tó ń yọ lójú ọnà ńkọ́? Ojóbó ni mo kọ sílẹ̀ fún un. Bí ará Ìsẹ́yìn kan bá mọ orúkọ tí àwọn ahunṣọ ń pe irú rẹ̀, kó mú un wá.