Ta ló tún ń kó ọkọ̀ ojú sánmà ìṣeré onírin jọ nínú wa?

ÀjàníLiverpool: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èyí tí n ò lè tà láéláé ni Enterprise, ọkọ̀ inú eré tẹlifíṣọ̀n Star Trek, tí ilé-iṣẹ́ Dinky ṣe, nọ́ńbà 358 nínú ìwé ọjà wọn. Car boot, ọjà àlòkù, ni mo ti rà á. Kò ní páálí, àwọn àwo pẹlẹbẹ tó máa ń yìn jáde ò pé, àmọ́ ọkọ̀ kékeré inú ikùn rẹ̀ ṣì wà, ìlẹ̀kùn abẹ́ ibẹ̀ ṣì ń ṣí. Binns Road ní Liverpool níbí ni wọ́n ti ṣe é, kí ilé-iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé lọ́dún 1979. Tiyín ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ọkọ mi ló ń kó o, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Ọdún 2013 tí ti ilé-iṣẹ́ Eaglemoss bẹ̀rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ìwé ìròyìn kan, ọkọ̀ Star Trek kan, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, kí ilé-iṣẹ́ náà tó kógbá wọlé lọ́dún 2022. Enterprise-D ló kọ́kọ́ dé. Nígbà tó yá, orí fìríìjì, ojú fèrèsé, ọkọ̀ ṣáá ni. Màmá mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, mo bá wọn nídìí omi gbígbóná, ọṣẹ, àti kànrìnkàn ìbílẹ̀ tí wọ́n gbé wá láti ilé. Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún wà lórí táwẹ́ẹ̀lì bí ẹja tí wọ́n sá. “Eruku ti bò wọ́n, ọmọ mi.” Ọkọ mi wọlé, ó wò wọ́n, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Ó wọ yàrá lọ. Kò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Adéọlá_T: Ó dọ̀bálẹ̀! Wọ́n kọ́ ọkọ yín nílé.

Káyọ̀dé: Mẹ́rìndínlógún. Háà.

BàbáGẹ́gẹ́: N ò gbà o. Ọ̀dà ara wọn kì í tètè ṣí.

Ìyá Ìbejì: Kànrìnkàn ìbílẹ̀ ni mo wí, sà. Ẹ ti fi wẹ̀ rí?

BàbáGẹ́gẹ́: Mo túúbá.

Káyọ̀dé: Ìdí nìyí tí tèmi ò fi kúrò nínú páálí. Gbogbo ọkọ̀ ọ̀run mi ni mo dì pa.

Adéọlá_T: Ọkọ̀ ọ̀run kẹ̀? Ẹni tó bá wọ ìyẹn kì í bọ̀. Ọkọ̀ ojú sánmà ni kó o pè é.

Káyọ̀dé: Sánmà náà, ṣebí Lárúbáwá la ti yá a.

Adéọlá_T: Àlùbáríkà ńkọ́? Ṣé o ò ní ṣàmín sí i mọ́?

BàbáGẹ́gẹ́: Káyọ̀dé, páálí ò gba gbogbo nǹkan là. Síǹkì ló pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n ń dà. Bí òjé bá kó sí i nígbà tí wọ́n ń dà á, yóò wú, yóò sán, yóò di ẹ̀rún. Mo ṣí páálí ọkọ̀ Jámánì àtijọ́ kan, irin tútù ni mo rò pé mo máa bá, ìyẹ̀fun ni mo bá. Ẹ máa ṣí i wò.

Káyọ̀dé: Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ n lọ wo tèmi.

ÀjàníLiverpool: Ìyá Ìbejì, ṣé Enterprise-D àkọ́kọ́ yẹn wà lára àwọn tí wọ́n fọ̀?

Ìyá Ìbejì: Òun ni wọ́n kọ́kọ́ fọ̀. D ti lọ. NCC-1701 ló kù lára rẹ̀.

ÀjàníLiverpool: Nọ́ńbà tó wà lára tèmi gan-an nìyẹn. Ẹ bá mi sọ fún un.

Ìyá Ìbejì: Mo kà á sí i létí báyìí. Ó ti dìde, ó ń lọ gbé e wá sórí tábìlì.