Ta ni wọ́n ti yọ irin lójú ẹ̀ rí nínú wa?

Ajórin Òkè-Fìà: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ẹ̀rọ fáílìn gé páìpù lánàá, kò wọ gọ́gù. Kílẹ̀ tó mọ́, ojú ọ̀tún ti pọ́n kuku, omi ń dà níbẹ̀ wàrà-wàrà. Ó ní ṣe ló dà bíi pé yẹ̀pẹ̀ há sábẹ́ ìpéǹpéjú òun. Ẹni tírú ẹ̀ bá ti ṣe rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí.

Ìyá Ìbejì: Wàrà ọmú. Ẹ kán an sí i.

Lánre Pánẹ́bítà: Ọ̀gá tèmi, ahọ́n ló fi lá a jáde. Ó ní kí n lajú, ó lá a, ó tutọ́ dànù.

Tólú Olúòde: Ṣé kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ọbẹ̀ ata tán 😂

Lánre Pánẹ́bítà: Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n sunkún.

Bọ̀dá Gáréèjì: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ó gùn díẹ̀. Ọdún 2016, à ń yọ bíárìn kan lẹ́yìn Old Garage, ó ti gán síbẹ̀. Mo gbé ṣísẹ́ẹ̀lì lé e, mo mú òòlù. Nígbà kẹta tí mo lù ú, nǹkan kan ta mí lójú òsì, pín, bí ìgbà téèrà bá géni jẹ. Mo fọwọ́ nù ún, kò sẹ́jẹ̀, kò dùn mí. Mo parí iṣẹ́, mo gbowó mi, mo lọ jẹ àmàlà. Ojú ọ̀hún ò tiẹ̀ pọ́n. Ó tó oṣù méje kí n tó rí i pé tí mo bá di ojú ọ̀tún, òsì ń ríran bí ẹni ń wòta látinú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Ìyàwó mi ló sọ pé ojú méjèèjì ò jọra mọ́: òsì ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí irin tó dógùn-ún, ọmọlójú ẹ̀ sì fẹ̀ ju ìkejì lọ. Ọsibítù tí mo kọ́kọ́ lọ, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń fún mi lóògùn ìkánjú, kò sẹ́ni tó bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe. Ìbàdàn ni wọ́n ti ya X-ray, la bá rí i, funfun báláú, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì.

Tólú Olúòde: Háà! Oṣù méje!

Adéyẹmí01: Ẹ má bínú o, mi ò gbà. Kí irin wọ ojú èèyàn kó má dùn ún?

Nọ́ọ̀sì Àyétòrò: Ẹ gbà á, ojú ni mò ń tọ́jú. Èyí tó ń ta látara fáílìn, ojú ẹyinjú ló ń lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló sì ń dunni jù. Èyí tó bá fò lára ṣísẹ́ẹ̀lì ń sáré gan-an, ó lè gún ẹyinjú wọlé kí ojú ihò ẹ̀ sì pa dé. Inú lọ́hùn-ún, á máa dógùn-ún díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló ń pa ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ọ̀gá Ajórin, ti ọmọ yín jọ tòde, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ lónìí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á kán oògùn tí ò ní jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín yọ ọ́, wọ́n á ha ìdógùn-ún tó fi sílẹ̀ bí òrùka. Ẹ má bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní oògùn ìkán yẹn gbé lọ sílé o, kì í jẹ́ kójú jinná.

Àkàndé Sípíkà: Òòfà ẹ̀yìn sípíkà. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú, á fò jáde.

Adéyẹmí01: 😂😂😂

Nọ́ọ̀sì Àyétòrò: Ẹ má rín in tán. Dókítà Jámánì kan, Hirschberg, ti fi òòfà oníná yọ irin lójú èèyàn ní 1879. Ṣùgbọ́n dókítà ló dì í mú. Irin tó bá ti wọ inú, ọ̀nà tí òòfà bá fà á gbà ló máa ya. Ẹ̀rù yẹn náà ló ń bà wá tí a kì í fi gbé ẹni tí irin wà lójú ẹ̀ wọ MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara.

Adé Onídẹ: Àwa tá à ń rọ idẹ ńkọ́? Òòfà ò kúkú mọ tiwa.

Nọ́ọ̀sì Àyétòrò: Ẹ̀mú nìyẹn. Bàbà tó wà nínú idẹ pàápàá burú nínú ojú, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Bàbá Ògúnwálé: Ògún ni ẹ ń dààmú. Ẹ ò bọ ọ́ mọ́, ẹ wá ń gbé irin kiri.

Lánre Pánẹ́bítà: Bàbá, gọ́gù ni wọn ò wọ̀.

Bàbá Ògúnwálé: Bàbá tèmi ń bọ ọ́ lọ́dọọdún, ó sì ń wọ gọ́gù. Ta ló ní ẹ mú ọ̀kan?

Tólú Olúòde: Bọ̀dá Gáréèjì, báwo ni wọ́n ṣe wá yọ tiyín?

Bọ̀dá Gáréèjì: Wọ́n gún ihò kéékèèké mẹ́ta lára funfun ojú, wọ́n fa omi kíki inú ẹ̀ jáde, wọ́n fi ẹ̀mú mú un. N kò sùn o, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń bára wọn jiyàn nípa bọ́ọ̀lù. Ó wà nínú ìgò abẹ́rẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n mi báyìí.

Àkàndé Sípíkà: Ẹ ti fi òòfà wò ó?

Bọ̀dá Gáréèjì: Ó ń fà.

Tólú Olúòde: Ojú náà ńkọ́?

Bọ̀dá Gáréèjì: Mo lè ka ìka tẹ́ ẹ bá nà án sítòsí.

Ajórin Òkè-Fìà: A ti dé o. Tòde ni lóòótọ́, wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Gọ́gù méjì ni mo rà bọ̀, ó ti ní tòun ń họ òun létí.

Ìyá Ìbejì: Wàrà ọmú ọ̀hún ò kúkú lè pa á lára.

Nọ́ọ̀sì Àyétòrò: Mà, ẹ jọ̀ọ́!