Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àdúrà kò jáde lẹ́nu àbúrò mi mọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín láti Ṣágámù. Láti ìgbà tí àbúrò mi obìnrin ti pàdánù ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni kò ti lè gbàdúrà mọ́. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dá orin ìyìn, ṣe ni yóò bú sẹ́kún. Àwọn kan ní onígbàgbọ́ kì í sunkún bẹ́ẹ̀. N kò mọ inú Bíbélì tí wọ́n ti rí i, nítorí Jésù sunkún nígbà tí Lásárù kú, Èlíjà sì tọrọ ikú lọ́wọ́ Ọlọ́run, síbẹ̀ oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì gbé wá fún un, kì í ṣe ìbáwí. Orin Dáfídì 88, tí ó parí sínú òkùnkùn, nìkan ni ó ṣì ń fẹ́ kí n kà fún òun. A ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta nítorí àìróorunsùn. N kò ka ìyẹn sí àìnígbàgbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti la irú ọ̀fọ̀ yìí kọjá, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni àdúrà ṣe padà sí yín lẹ́nu? Ṣé kí n máa gbà á dípò rẹ̀, àbí kí n kàn jókòó tì í?