Jẹ́ẹ̀lì diclofenac fún orúnkún màmá: kí ló dé tí kò jẹ́?

Ìbéèrè, láti Ìsánlú: Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Orúnkún ń dun màmá wa, ẹni ọdún 68, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Jẹ́ẹ̀lì diclofenac 1%, oògùn ìrora tí wọ́n ń fi para, la rà. Alẹ́ nìkan ni wọ́n ń fi para, wọ́n á fi aṣọ olómi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá fi ọ̀rá wé e. Ọjọ́ mẹ́ta rèé, kò sí ìyàtọ̀. Ṣé ká fi diclofenac oníhóró, èyí tí wọ́n ń gbé mì, kún un?

Apòògùn, Kabba: Okun. Ẹ má fi oníhóró kún un rárá. Oògùn kan náà ni. Èyí tó ń ti ara jẹ́ẹ̀lì wọ ẹ̀jẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti oníhóró, ìyẹn ni kì í fi í yọ ikùn àti kíndìnrín lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Oníhóró a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru, a sì máa ba oògùn tí màmá ń lò jẹ́.

Ẹ tú ọ̀rá yẹn lónìí. Òun àti ooru ń ti oògùn wọra ju bó ṣe yẹ lọ, awọ á sì bó. Bí wọ́n bá fẹ́ omi gbígbóná, kó ṣáájú. Kí awọ tutù, kó gbẹ, kí ẹ tó para.

Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ò tó. Gíráàmù 2 sí 4 ni, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìlà jẹ́ẹ̀lì láti ṣóńṣó ìka àgbàlagbà dé oríkèé rẹ̀ àkọ́kọ́ tó bí ìdajì gíráàmù, nítorí náà ìlà mẹ́rin ni gíráàmù 2. Ẹ pa á yí orúnkún ká, kì í ṣe iwájú nìkan. Kó tó ìṣẹ́jú 10 kí aṣọ tó kàn án, wákàtí 1 kí omi tó kàn án. Ẹ fọwọ́ yín. Túùbù gíráàmù 30 ò ní kọjá ọjọ́ 5 bẹ́ẹ̀. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣahun, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì, Mopa: Kí wọ́n má fi Robb tàbí Aboniki lé e lórí o. Bó bá sì jẹ́ jẹ́ẹ̀lì ketoprofen, oògùn ìrora mìíràn, lẹ rà, oòrùn oko lè sun awọ ibẹ̀: ẹ fi aṣọ bò ó, títí ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí ẹ bá dáwọ́ dúró.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá ń kọ́? Ìbàdí ni tiwọn.

Apòògùn, Kabba: Oríkèé ìbàdí jìn sínú, jẹ́ẹ̀lì kì í débẹ̀. Orúnkún àti ìka ọwọ́ ló ń jẹ́ fún jù. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo bàbá. Ti màmá, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá wú, tó gbóná, tí ibà wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.