Ọdún méjì lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, bàbá mi ń gbàgbé nǹkan

ỌmọKábà
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ó pé ọdún méjì nínú oṣù yìí tí rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi nínú oko iṣu, lọ́nà Ọ̀bàjànà. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì ló mú. Ọpẹ́ ni, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọjà báyìí. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, mi ò sì tíì palẹ̀ abọ́ iyán mọ́ níwájú wọn. Wọ́n tún ń sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan. Bàbá tí omi ò bọ́ lójú wọn níbi òkú ìyá wọn! Àṣé wọ́n ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì látìgbà pípẹ́: "Ara mi ti yá, kí ni mo tún ń gbé mì?" Ṣé rọpárọsẹ̀ náà ló fà á ni, àbí ogbó? Ẹni ọdún 68 ni wọ́n.

Nọ́ọ̀sìÌsánlú
Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Oògùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ́wọ́. Nínú ẹni mẹ́rin tí rọpárọsẹ̀ ń mú, ó tó ẹnì kan tó ti mú rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ìyẹn ló ń tan wọ́n jẹ. Ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 130/80 fún irú wọn.
Ìgbàgbé lè tara rọpárọsẹ̀ wá, ẹkún náà lè tara rẹ̀ wá: ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó mú tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà. Ẹ sọ méjèèjì fún dókítà, ẹ má kàn pè é ní ogbó.

Àyànfẹ́Mọ̀pà
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra aspirin fún wọn ní kẹ́míìsì. Òun ni wọ́n fún àbúrò bàbá mi.

Nọ́ọ̀sìÌsánlú
Rárá o! Rọpárọsẹ̀ ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ dí yàtọ̀ sí ti ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú orí. Àwòrán orí ló ń fi hàn èyí tó jẹ́, ibẹ̀ ni dókítà ti ń mọ̀ bóyá aspirin yẹ wọ́n.

TíṣàFẹ̀yìntì
Ọmọ mi, èmi náà jẹ nínú rẹ̀, ní 2017. Oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni gìrì gbé mi ṣubú ní pálọ̀. Ará ilé ní wárápá ni, wọ́n ti fẹ́ ki ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ mi obìnrin tó yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dókítà ní ojú àpá inú ọpọlọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì fún mi lóògùn. Kò tún gbé mi mọ́.
Ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń mu omi pẹ̀lú: bó bá ń pá wọn lórí, ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dín iyọ̀ àti Maggi kù: nígbà tí mo dín tèmi kù, oúnjẹ ò dùn mọ́ mi lẹ́nu fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára. Àárẹ̀ nìkan ni ò lọ. Mo lè sùn láti alẹ́ dòwúrọ̀ kí n jí bí ẹni tó ti ebè kọ dé.
Orí agolo Bournvita ni oògùn mi ń gbé. Bí mi ò bá gbé e mì, ìyàwó mi ò ní po tíì.

ỌmọKábà
Ẹ ṣé, sà. A wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá láàárọ̀ yìí: 178/104. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbé oògùn mì lójú mi. Ọjọ́ Ajé la ń lọ rí dókítà.