Ọ̀yàyà ń tán lára mi lẹ́nu iṣẹ́ fótò, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, lápá Tákíé. Fótò òde ni iṣẹ́ mi: ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú àgbà, ilé ṣíṣí. Ọdún kẹfà rèé. Kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí mi ò sí lójú ọ̀nà, Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ yìí, Ṣakí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, Ìlọrin lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀yàyà ni wọ́n fi mọ̀ mí. Bí mo bá wọ òde, àwọn ìyá á ti máa pè mí, "Ọmọ dáadáa, wá yà wá." Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìgbéyàwó kan ní Ọ̀yọ́, ìyá ìyàwó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní fótò dára, wọ́n sì ṣàdúrà fún mi, àmọ́ ojú mi le jù lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó ń bẹ̀rù mi, wọn ò lè túra ká. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn yẹn, mo sì sunkún, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti jí. Mi ò fi nǹkan kan ẹnu títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi ṣì jẹ mí ní ìdajì owó, gbogbo ìgbà tí mo bá gbé kámẹ́rà sójú, owó yẹn ni mo ń rò.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí dọ́kàn. Mi ò sì fẹ́ máa fi ẹ̀rín èké ṣe é. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí inú yín fi ń dùn lóde, pàápàá lẹ́yìn ìrìn àjò?

Fótógíráfà àgbà, Ọ̀yọ́:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ lọ́nà. Má sunkún mọ́. Ebi ló mú ojú rẹ le, kì í ṣe ìwà rẹ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Má gbójú lé oúnjẹ òde rárá. Kí wọ́n tó rántí fótógíráfà, wọ́n ti ń ṣa àwo. Ẹ̀kọ tútù àti mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń jẹ kí n tó kúrò nílé, mo sì máa ń gbé omi àti ẹ̀pà sínú àpò kámẹ́rà.

Èkejì, nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ fún àgbàlagbà pé kó rẹ́rìn-ín. Bàbá á jókòó, agbádá á tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí orúnkún, wọ́n á wo kámẹ́rà gangan. Iyì ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, ọ̀yàyà ọ̀gá mi kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ kí bàbá, wọ́n á nu àga, wọ́n á bá bàbá tún etí agbádá ṣe. Kí wọ́n tó padà dé ìdí kámẹ́rà, ojú bàbá ti rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé ariwo ni ọ̀yàyà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń pariwo káàkiri òde tí kò kí ẹnì kan ṣoṣo.

Àlágà ìdúró, Ògbómọ̀ṣọ́:
Àbúrò mi, Bàbá ti sọ ojú abẹ níkòó. Ìkíni ni. Bó o bá dé ibi ìgbéyàwó, "ẹ kú ìnáwó" ni kó ṣáájú "ẹ wojú kámẹ́rà".

Màá fún ọ ní àṣírí kan láti inú iṣẹ́ tiwa. Àwa àlágà kì í wọ òde láìmọ oríkì àwọn òbí. Pe ẹni tó gbéṣẹ́ fún ọ ṣáájú, kó o béèrè oríkì ìyá ìyàwó, oríkì ìyá àgbà, kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, bó o bá ti tò wọ́n tán tí ojú màmá ṣì le bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́, má wulẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Kúnlẹ̀ díẹ̀ kó má dà bí àrífín, kó o wá pè é jẹ́jẹ́: "Àbẹ̀kẹ́!" Kí ìka rẹ ti wà lórí bọ́tìnnì o, nítorí ẹ̀rín tó máa tẹ̀ lé e kì í pẹ́. Ó lè jẹ́ pé láti ìgbà tí ìyá tó bí wọn ti lọ, kò sẹ́ni tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi tí mo ń sọ ọ́ yìí, mo ti rí ìyá tí omijé àti ẹ̀rín jọ bọ́ lójú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Inú tìrẹ náà á dùn, wàá gbàgbé owó.

Ìsìnkú yàtọ̀. Bó bá jẹ́ àgbà ló lọ, "ẹ kú àṣẹ̀yìndè" ni, ijó ni, máa bá wọn yọ̀. Bó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀, gbé ẹ̀rín rẹ sílé. Dúró lókèèrè, pa fìláàṣì, má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ dún.

Olùkọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá:
Ọ̀rọ̀ oríkì yìí wọ̀ mí lára, torí ẹ̀rín àtọkànwá ló ń mú wá. Ní 1862, oníṣègùn ará Faransé kan, Duchenne, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ojú èèyàn. Iná mànàmáná ló fi ń mú iṣan ojú sún kì, fótò ni wọ́n sì fi ń gba ohun tó rí sílẹ̀. Ó sọ pé iṣan tó ń fa ètè sókè, èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ fà á, ṣùgbọ́n èyí tó yí ẹyinjú po, inú dídùn ló ń mú un ṣiṣẹ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé àwọn kan lè mọ̀ọ́mọ̀ fa èyí náà, síbẹ̀ ibi ojú ni ẹ̀yin ayàwòrán gbọ́dọ̀ máa wò, kì í ṣe eyín.

Ní ti ẹ̀rín èké, àǹtí, ẹ̀rù yẹn tọ́. Ní 1983, Arlie Hochschild ará Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa àwọn tó ń tọ́jú èrò inú ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní àwọn kan ń fi ẹ̀rín lẹ ojú lásán, àwọn kan sì ń tún èrò ọkàn wọn tò títí inú wọn á fi rọ̀ lóòótọ́. Ilé iṣẹ́ wọn kọ́ wọn pé bí èrò ọkọ̀ kan bá ń bínú, kí wọ́n rò ó bí ọmọdé, tàbí bí ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ẹ̀rín àlẹ̀mójú máa ń tán èèyàn lókun. Nítorí náà, ẹ má gbìyànjú láti fi ẹ̀rín bo ìbínú owó mọ́lẹ̀. Ẹ yanjú owó náà.

Fótógíráfà, Sábó Ògbómọ̀ṣọ́:
Mo ti wọ bàtà yẹn rí. Gba ìdajì owó kó o tó kọ déètì sílẹ̀, gba ìyókù kí ọjọ́ òde tó pé. Sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín nígbà tí ẹ bá ń dúnàá dúrà, kò ní di ìjà.

Má sì máa jí ní aago mẹ́rin mọ́. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ìwọ náà mọ tírélà tó wà níbẹ̀. Lọ sùn sí ìlú tí òde wà lọ́jọ́ Jímọ̀, fi owó ibùsùn kún iye iṣẹ́ rẹ. Lálẹ́ yẹn ni kó o gba iná sínú bátìrì, kó o nu lẹ́ńsì, kó o pa káàdì rẹ́. Ẹni tó ń wá bátìrì láàárín òde kò lè tújú ká. Bó o bá sì jí, lọ wo kánópì kí èrò tó dé. Kánópì pupa máa ń da pupa sójú èèyàn, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ bí n kò bá tètè rí i.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá, mo dúpẹ́, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín di dandan. Àǹtí alága, Sátidé yìí mo ní ìgbéyàwó nítòsí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, mo sì ti pe ìyá ìyàwó. Nígbà tí mo béèrè oríkì ìyá wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Àṣàkẹ́ ni", ohùn wọn sì yí padà. Wọ́n ní ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni màmá, wọn ò fẹ́ràn fótò rárá. Wọ́n ti san ìyókù owó pẹ̀lú, mi ò tiẹ̀ tí ì rán wọn létí.

Ibi tí màá sùn ló kù. Ta ló mọ ibi tó mọ́, tí obìnrin lè dá sùn sí ní Ọ̀yọ́?

Àlágà ìdúró, Ògbómọ̀ṣọ́:
Àbúrò mi obìnrin ń gbé Òwódé, yàrá kan ṣófo nílé rẹ̀. Mo ti fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Pè é kí ilẹ̀ tó ṣú, torí ó máa ń tètè sùn.