Èsì: Ṣé "àjọjọ́" náà ni ká wá máa pè é?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àtìjọ́. Mo ti pinnu pé n ò ní dá sí ọ̀rọ̀ kankan lóṣù yìí, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí mọ́ láti ìgbà tí mo ti ka àkójọ tí àbúrò wa fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ. Àkójọ náà dára. Ó to àwọn ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà láti ayé ọjọ́un, ó fi àwọn tí a bí lọ́jọ́ náà sí i, ó wá fi eré ìdárayá gbè é lẹ́sẹ̀. Àfi ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí àkọlé: ÀJỌJỌ́ ÒNÍ. Ó ní "à + jọ + ọjọ́" ni, pé ohun tó bá pín ọjọ́ kan lò ni àjọjọ́, àti pé òun fi ta èdè Yorùbá lọ́rẹ.

Àbúrò mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n gba ẹ̀bùn rẹ padà ná.

Jọ tí o mú yẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń wá kiri. Jọ ṣe, àjọṣe. Jọ sọ, àjọsọ. Jọ gbé, àjọgbé. Jọ mọ̀, àjọmọ̀. Ìṣe ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ọjọ́ kì í ṣe ìṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Bí jọ bá sì dojú kọ ọ̀rọ̀-orúkọ tààrà, jọ mìíràn ló dà yẹn, ti "ọmọ náà jọ bàbá rẹ̀". Àjọjọ́ rẹ, bó bá tiẹ̀ ní ìtumọ̀, "ohun tó jọ ọjọ́" ni. Kí ló wá jọ ọjọ́? Òṣùpá ni?

Mo kọ ọ́ sí bébà láìfi àmì sí i, mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á. Ó kà á ní àjọjó. Ó ní ijó wo ni wọ́n jọ jó? Ọmọ náà ò jẹ̀bi, àjọjó bá òfin mu: jọ nìyí, jó tó jẹ́ ìṣe tẹ̀ lé e. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tó gún ju ti ẹni tó jókòó ṣẹ̀dá lọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ṣẹ̀dá nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí kì í rí ọ̀rọ̀ tuntun kó má gbèjà rẹ̀ ti dáhùn pé, "Àjọ̀dún ńkọ́? Ṣebí jọ àti ọdún náà ni?" Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kí etí yín gbọ́ ọ. Àjọ̀dún. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí jọ̀ yẹn. Jọ tó wà nínú àjọṣe, ohùn àárín ló ní. Ta ló fà á wálẹ̀? Kì í ṣe ọdún, nítorí ohùn àárín ni òun fúnra rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní lọ́dọ̀ tiyín àjọdún lẹ ń pè é, kò sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó tọ́ mi, àjọ̀dún ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi lọ, n ò sì lè torí èyí jí wọn dìde.

Ẹni tó bi mí pé ìwé ẹ̀rí wo ni mo ní, mo rí ìbéèrè rẹ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń yẹ ìwé wò kó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Àmì ohùn ni mo fi jẹun.

Àwọn kan ní ká kúkú lo àyájọ́. Ìyẹn sàn, tiwa ni. Ìyá mi àgbà kì í wo kàlẹ́ńdà. "Àyájọ́ òní" ni yóò wí, gbogbo ilé á sì ti mọ ọjọ́ tó ní lọ́kàn. Ẹ rántí pé àyájọ́ náà là ń pe ohùn tí àwọn baba wa fi ń pe ọjọ́ àkọ́ṣe nǹkan padà, kí tòní lè rí bí ti ìgbà náà ṣe rí. Ẹni tó ní yá inú rẹ̀ ni yá owó, pé ńṣe la yá ọjọ́ náà lọ́wọ́ èṣí, ó dùn létí, n ò gbà á. Yá ti "ó yá" ni èmi ń gbọ́ níbẹ̀.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni "Àyájọ́ Ọjọ́ Olùkọ́". Ọjọ́ ti wà nínú àyájọ́! Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pariwo èyí, àná ni mo wá rí i pé n ò jàre tán. Ọjọ́ ìbí èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Habib Bourguiba tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Tùnísíà, 3 oṣù kẹjọ 1903 ni wọ́n bí i. Tony Bennett olórin, 1926. Tom Brady, 1977, ẹni tó fi bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù tí wọ́n sì ń pè ní ti ẹsẹ̀ lókìkí (ẹjọ́ ìsọlórúkọ tún nìyẹn, ti Amẹ́ríkà ni kí wọ́n lọ dá). Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àyájọ́ wọn ló di ọ̀kan. Torí náà "àyájọ́ ọjọ́ ìbí" kò ní àbùkù, mo gbà. Ti olùkọ́ ni n ò gbà. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ìwé lórí ipò olùkọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 5 oṣù kẹwàá 1966, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú ọjọ́ náà, wá bá mi. Ọjọ́ ìwé nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ olùkọ́.

Ó wá ku èyí tí àbúrò wa ń wá gan-an, ìyẹn ohun méjì tí kò mọ ara wọn rí tó bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Kòńgẹ́! Wọ́n ṣe kòńgẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí gbogbo wa. Kọ "Kòńgẹ́ Òní" sórí àkójọ rẹ kí o sùn.

Wo àwọn tí o tò: Columbus tu ọkọ̀ mẹ́ta kúrò ní Palos ní 1492, Jámánì kéde ogun sí Faransé ní 1914, Niger gba òmìnira ní 1960, ọjọ́ méjì lẹ́yìn Dahomey (Benin òde òní). Kí ni wọ́n jọ ṣe? Ẹnìkan ń lọ, ẹnìkan ń jà, ẹnìkan ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé.

Ti Columbus yẹn tiẹ̀ ní wàhálà nínú. Kàlẹ́ńdà Julius ni wọ́n ń lò nígbà náà. 1582 ni Póòpù Gregory tún un ṣe, tí àwọn èèyàn sùn ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá tí wọ́n jí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Bí a bá fi èyí tí à ń lò báyìí kà á, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹjọ ni ọkùnrin náà ṣíkọ̀. Kòńgẹ́ gan-an ò ṣe, ká má tíì wá sọ àjọjọ́!

Ibi eré ìdárayá ni inú mi ti rọ̀. Jesse Owens sá ọgọ́rùn-ún mítà ní Òlíńpíìkì Berlin ní 1936, ó gba góòlù àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin. Ọgọ́ta ọdún géérégé sí ọjọ́ náà, àwọn ọmọ wa na Argentina 3–2, Amunike ló gbá èyí tó kẹ́yìn wọlé nígbà tí eré ń parí lọ, Nàìjíríà sì di orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba góòlù bọ́ọ̀lù ní Òlíńpíìkì. Chioma Ajunwa, ọjọ́ kejì oṣù ló fo 7.12 mítà tirẹ̀. Ẹ má kó o mọ́ wọn, ọjọ́ kan ló fi ṣáájú.

Ní Tokyo, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ 2021, Blessing Oborududu gba fàdákà nínú ìjàkadì, Ese Brume gba idẹ nínú fífò jìnnà. Brume fo 6.97. Brittney Reese ti Amẹ́ríkà náà fo 6.97. Níbí ni jọ ti wúlò: wọ́n jọ fo 6.97! Ẹ rí i, ìṣe ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Fífò wọn tó dára ṣìkejì ni wọ́n fi yà wọ́n, tí Reese fi mú fàdákà. Bó bá jẹ́ "àjọfò" lo pe ìyẹn, n ò bá ti bá ọ jà.

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ kòǹgẹ́, tó fi ohùn ìsàlẹ̀ sórí ǹ, mo ti rí ọ. Mo ń bọ̀ lọ́la, bí mo bá ti rí ìwé mi kan tí kòkòrò ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀.

Àbúrò, àkójọ ti ọjọ́ kẹrin dà? Mo ń retí rẹ̀ láti àárọ̀.